Imú Ọkọ̀ Bàbá Mi

Ẹni tó bá ń retí pé kí n fi ẹnu dídùn sọ̀rọ̀ ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, kó má wulẹ̀ dúró tì mí. Ilé ńlá ni, n kò ní parọ́ mọ́ ọn. Ní Ṣakí ni, níbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń ti ọ̀nà Ofiki bọ̀ ti ń wọ ìlú. Eruku pupa kun ògiri rẹ̀ títí dé ojú fèrèsé, àgbàlá rẹ̀ sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù bàbá mi lè yí po nínú rẹ̀ láìfi ẹ̀yìn rìn. Mo ti dàgbà báyìí, irun mi ti ń funfun, mo sì ní ilé tèmi. Síbẹ̀, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í bó, tí mo wá gbọ́ tí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì kan ń húkọ́ lójú pópó láàárọ̀, inú mi á bàjẹ́ títí ilẹ̀ ọjọ́ náà á fi ṣú. Ọdún kan ṣoṣo ló fà á. Ọdún náà ni ìyá mi kúrò nílé bàbá mi. Èmi ni mo lé e, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó dárúkọ mi nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ìró òfì ìyá mi ni mo kọ́kọ́ máa ń gbọ́ bí mo bá jí. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, inú ilé tí wọ́n ti ń hun aṣọ òkè ni wọ́n bí i sí, nígbà tó sì ń bọ̀ wá sílé ọkọ, òfì rẹ̀ wà lára ẹrù tó kó wá. Abẹ́ igi máńgòrò ló gbé e sí. Ibẹ̀ ló máa ń jókòó, ẹsẹ̀ á máa tẹ̀, ọwọ́ á máa jù, kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Láti ọ̀ọ̀dẹ̀, ìró asẹ́ Ìyá Àgbà á máa dá a lóhùn. Ìyá tó bí bàbá mi là ń pè ní Ìyá Àgbà. Èlùbọ́ ló ń tà, ó ń kù ú láràárọ̀ títí ojú rẹ̀ á fi funfun, orúnkún rẹ̀ kan kò sì dára, nítorí náà ibi tó bá ti jókòó láàárọ̀ ni oòrùn máa ń bá a. Èmi ni mo máa ń bá a wọn èlùbọ́ bí mo bá ti ilé ìwé dé. Bí kóńgò bá kún, tí a fọwọ́ gé e dọ́gba, a ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e fún oníbàárà. Èènì nìyẹn. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo gbé kóńgò tó dọ́gba fún obìnrin kan, Ìyá Àgbà sì gbá mi létí níwájú obìnrin náà. Ó ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ahun láàárín ọjà ni? Bù ú lé e!" Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kò lè wọn ohunkóhun kó má fi èènì sí i. Iyọ̀ inú ọbẹ̀ pàápàá, ìyá mi bá mi wí lórí rẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ẹ́.

Bàbá mi ń fi ọkọ̀ rẹ̀ kó iṣu àti èlùbọ́ láti Ofiki àti Komu wá sí Ṣakí. Kò tíì bí ọkùnrin nígbà náà, èmi ni àkọ́bí rẹ̀, nítorí náà èmi ló ń pè sídìí ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ìyẹn kí inú tó bí mi. Ó mọ ọ̀rọ̀ ṣàlàyé fọ́mọdé. Á ní, "Sìdí, bí èèyàn kò bá jẹun fún ọjọ́ kan, kò ní kú. Ṣùgbọ́n di imú rẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ ṣe rí." Ohun tó ń pè ní imú ọkọ̀ jẹ́ agolo dúdú ńlá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì, ó ní ẹnu róbótó lókè tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni àwo kan wà tí a ń bu ọ́ìlì sí. Afẹ́fẹ́ á wọlé tòun teruku, á já wá sísàlẹ̀ lójú ọ́ìlì, á wá ṣẹ́rí padà sókè lójijì. Eruku wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, kò lè ṣẹ́rí bẹ́ẹ̀, inú ọ́ìlì ló máa bọ́ sí, á sì lẹ̀ síbẹ̀. Èyí tó bá tún fẹ́ yọ́ kọjá, àwọ̀n wáyà tó wà lókè àwo, tí ọ́ìlì ti rin, á gbá a mú. Afẹ́fẹ́ tó mọ́ yìí ló máa wá gba inú rọ́bà nípọn kan lọ sínú ẹ́ńjìnnì. Níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì á fún un pọ̀ títí á fi gbóná janjan, bí dísẹ́ẹ̀lì bá sì ti ta sí i, ó gbiná nìyẹn. "Kò sẹ́ni tó ń ṣáná sí i," bàbá mi á wí. "Afẹ́fẹ́ yẹn gan-an ni iná rẹ̀." Ó ní bí a bá jẹ́ kí eruku Òkè-Ògùn wọ ibẹ̀, yóò máa ha ẹ́ńjìnnì lára díẹ̀díẹ̀ títí agbára rẹ̀ á fi tán.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, tí kì í rìnrìn àjò, ni a máa ń tún imú náà ṣe. Nígbà tó yá, èmi nìkan ni mo ń ṣe é, òun á lọ jókòó ti àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ títí àkókò ìrun á fi tó. Màá tú àwo, màá da ọ́ìlì tó ti di ẹrẹ̀ nù, màá fi kẹrosíìnì fọ àwọ̀n wáyà, màá bu ọ́ìlì tuntun. Ìlà kan wà nínú àwo náà. "Ó dé ìlà, ó tó," ni bàbá mi máa ń wí. "Bó bá dín, eruku á kọjá. Bó bá lé, ọkọ̀ á mu ún." Mo bi í lọ́jọ́ kan pé bí ọkọ̀ bá mu ún ńkọ́, ó kàn rẹ́rìn-ín ni, ó ní kí n ṣáà má jẹ́ kó lé. Mo ti ronú sí ẹ̀rín yẹn lọ́pọ̀ ìgbà. Ìṣẹ́jú kan péré ni ìdáhùn ì bá gbà á.

Ọjọ́ kan tún wà tó ń tún ọkọ̀ ṣe, tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, tó sì fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu imú náà kí n lè rí i. Ẹ́ńjìnnì ta gọ́ọ́gọ́ọ́, gbogbo ara ọkọ̀ gbọ̀n, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kú kó tó ká ọwọ́ kúrò. Ìyá mi gbójú sókè lórí òfì. Ó ní, "Bàbá Sìdí, ẹ má pa ọkọ̀ o."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Kò lè ṣe é ní nǹkan kan. Bí kọ́kọ́rọ́ bá kọ̀, tí wáyà tí a fi ń pa á náà kọ̀, ibí lèèyàn ti ń mú un. Bó bá ti dí, ó parí."

Ìyá mi mi orí, ó padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo rò pé kò ka ọ̀rọ̀ náà sí.

Ọyẹ́ ọdún náà le. Eruku pọ̀ débi pé a ń bo àmù omi ní ìlọ́po méjì, àwọn ọkọ̀ sì ń tan iná rìn lọ́sàn-án. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí mo tú àwo, ẹrẹ̀ inú rẹ̀ nípọn bí àmàlà tó ti sùn. Àánú ọkọ̀ náà ṣe mí. Mo fọ gbogbo rẹ̀, mo bu ọ́ìlì dé ìlà, mo wá dúró wò ó. Ó dọ́gba gẹ́lẹ́. Ojú tì mí bí ẹni tó gbé kóńgò tí kò ní èènì fún oníbàárà. Mo ronú pé ohun tó ti ṣiṣẹ́ tó báyìí fún wa láti ọjọ́ Jímọ̀ kan sí èkejì, ṣé ìlà la ó máa wò fún un? Mo fi agolo mílíìkì bu ọ́ìlì lé e. Mo bù ú lẹ́ẹ̀kan, mo bù ú lẹ́ẹ̀kejì, mo sì tún fi ẹ̀kẹta sí i nítorí ẹrù ọjọ́ kejì tó máa pọ̀. Inú mi dùn. Mo dé e, mo lọ fọwọ́, ẹnikẹ́ni kò rí mi.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a ń mu ògì gbígbóná, bàbá mi sì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó yẹ omi wò bó ṣe máa ń ṣe, ó tan ọkọ̀ kí ara rẹ̀ gbóná, ó lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àmù láti fọnu. Ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ ń ròkè láìsí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Èéfín ń tú lẹ́yìn rẹ̀, a kò rí igi máńgòrò mọ́. Bàbá mi sáré gun ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó fa wáyà, ó tún un fà. Ariwo náà ṣe bí ẹni pé kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kò sí dísẹ́ẹ̀lì tó ń lọ síbẹ̀ mọ́, ọ́ìlì tí mo fi ṣe èènì ló ń jẹ, bó bá sì ti ń sáré sí i ló ń fa púpọ̀ sí i. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé bàbá mi ní bó bá lé, ọkọ̀ á mu ún. Irin bẹ̀rẹ̀ sí í gbá irin nínú rẹ̀. A gbọ́ ọ, gbàgà, gbàgà. Bàbá mi fò bọ́ọ́lẹ̀, ó kígbe pé, "Ẹ sá! Yóò bẹ́!" Òun náà sá. Bàtà rẹ̀ kan ṣẹ́kù sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ó sì ti dé òdìkejì títì kí ẹlòmíràn tó dìde.

Gbogbo wa la sá, àfi Ìyá Àgbà. Ọ̀ọ̀dẹ̀ rẹ̀ kọjú sí bọ́nẹ́ẹ̀tì gan-an, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó dìde. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ nínú èéfín, ó ń pe orúkọ Ọlọ́run, ó sì ń pe orúkọ bàbá mi. Ìyá mi ti dé ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú wa. Ó dúró. Ó yí padà. Aṣọ òkè kan wà léjìká rẹ̀ nítorí òtútù, èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun fún ọjọ́ tí wọ́n so yìgì rẹ̀. Mo rí i tó ká a ní ìlọ́po ìlọ́po bó ṣe ń lọ, tó tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu imú ọkọ̀, tó sì fi gbogbo àyà lé e. Ẹ́ńjìnnì fa aṣọ náà mọ́ra. Ó ta gọ́ọ́gọ́ọ́, ọkọ̀ mì, ó húkọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e, n kò gbọ́ irú rẹ̀ nílé wa rí. Nígbà tí èéfín lọ sílẹ̀, ìyá mi ṣì wà lórí ẹ́ńjìnnì, ó ń mí gúlegúle.

Ẹ ó rò pé wọ́n gbé e gẹ̀gẹ̀. Mẹkáníìkì wá, ó tú ẹ́ńjìnnì, ó ní irin inú rẹ̀ ti ṣẹ́, kò ṣeé tún ṣe mọ́. Kí ó tó nu ọwọ́ tán, Ìyá Àgbà ti ń sọ fún àwọn obìnrin àdúgbò pé, "Ará Ìsẹ́yìn ló pa á. Ọkọ̀ ń ké, ó lọ fi aṣọ fún un lọ́rùn. Ojú mi báyìí ló ṣe." Ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ padà sínú èéfín ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o! Ọ̀rọ̀ náà sì wọ etí wọn, torí gbogbo wọn ló gbọ́ pé ọkọ̀ ń dún kí aṣọ tó dé ibẹ̀, lẹ́yìn aṣọ kò sì dún mọ́ láé. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn ẹbí bàbá mi jókòó lórí ọ̀rọ̀ ìyá mi nínú àgbàlá. Ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sìdí, ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn. Ẹ̀yin lẹ ní ibẹ̀ lèèyàn ti ń mú un."

Gbogbo wọn wo bàbá mi. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "Ǹjẹ́ mo sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi aṣọ dí i?"

Mo wà lẹ́yìn àmù. Mo gbọ́ ọ. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo mọ ohun tó wà nínú àwo ọ́ìlì, mo sì mọ ẹni tó bù ú síbẹ̀. Ẹ̀rù ọwọ́ Ìyá Àgbà ló bà mí, àti ti ojú tí bàbá mi máa fi wò mí. Mo di ẹnu mi. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, bàbá mi ní kí ìyá mi lọ sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀ ná, kí ọkàn rọlẹ̀. Ó gbé òfì rẹ̀, ó ká aṣọ náà sínú àpótí, àmì róbótó dúdú wà láàárín rẹ̀ níbi tí imú ọkọ̀ ti fà á. Èmi ò gbọdọ̀ tẹ̀lé e, ọmọ bàbá mi ni mí. Ẹnikẹ́ni kò lọ mú un wá. Bàbá mi di awakọ̀ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀, a kò gbọ́ ìró òfì láàárọ̀ mọ́, asẹ́ Ìyá Àgbà nìkan ló ń dún, mo sì kórìíra rẹ̀ títí obìnrin náà fi kú.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ìyá mi gba ohun tí wọ́n sọ gbọ́. Bí mo bá lọ kí i ní Ìsẹ́yìn nígbà ọlidé, á sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń tọrọ àforíjì, "Aṣọ mi ló ba ọkọ̀ bàbá yín jẹ́." Kì í jẹ́ kí ìborùn wà léjìká rẹ̀ bí ọkọ̀ bá ń kọjá, á ká a wálẹ̀, á dì í mú lọ́wọ́. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan. A ń ṣa ẹ̀wà, mo ní, "Màámi, ọ́ìlì ọjọ́ yẹn..." Ó ní, "Jẹ́ kó lọ, ọmọ mi. Mo ti gbà á." Mo jẹ́ kó lọ. Ara tù mí, Ọlọ́run mọ̀ pé ara tù mí. Mo ti bí ọmọ méjì nígbà yẹn, nítorí náà n kò lè sọ pé èwe ló ṣe mí.

Ìyá mi kú lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ fídáù ọjọ́ kẹjọ, bàbá mi ti Ṣakí wá sí Ìsẹ́yìn, ó ti gbó, ọ̀kadà ló gbé e láti gáréèjì, ó ń fi ọ̀pá tẹlẹ̀. Wọ́n gbé àga fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ti gbé àpótí ìyá mi jáde láàárọ̀, aṣọ náà wà lórí ẹsẹ̀ mi. Ó nawọ́ sí i, ó fa apá kan rẹ̀ sórí ẹsẹ̀ tirẹ̀, ó fọwọ́ pa àmì róbótó náà.

Mo ní, "Bàbá, èmi ni mo bu ọ́ìlì kọjá ìlà lọ́jọ́ yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀." Kò tilẹ̀ gbé orí sókè. "Kí mẹkáníìkì tó dé ni mo ti tú rọ́bà. Ọ́ìlì ń kán nínú rẹ̀. Agolo mílíìkì rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà níbi tí o gbé e sí."

Mo ní, "Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lé e?"

"Ta ni ǹ bá di ẹ̀bi náà rù, Sìdí? Ìwọ? Ọmọdé ni ọ́. Ìyá mi? Ìyá mi ni. Èmi? Gbogbo àdúgbò ti rí i bí mo ṣe sá." Ó ń pa aṣọ náà lọ́wọ́. "Ìyá rẹ nìkan ló kù."

N kò mọ ìgbà tí mo dìde. Àwọn ààfáà ṣẹ̀ṣẹ̀ parí àdúà ni, àwọn èèyàn ilé méjèèjì jókòó, wọ́n ń pín àkàrà. Mo ké pé kí wọ́n gbọ́ mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀, bí afẹ́fẹ́ ṣe ń wọ ọkọ̀, bí ọ́ìlì ṣe ń gba eruku, ìlà inú àwo, agolo mẹ́ta tí mo fi lé e. Mo ní ẹ́ńjìnnì ti fọ́ kí aṣọ tó kàn án. Mo ní ìyá mi ló dá a dúró, ó gba ẹni tó wà nínú ọ̀ọ̀dẹ̀ là, kò pa nǹkan kan. Mo tọ́ka sí bàbá mi, mo ní ó mọ̀. Ẹkún ti gba ohùn mi, ṣùgbọ́n mo ní ìtura kan tí n kò ní rí láti kékeré, mo sì ń dúró dè wọ́n kí wọ́n kọjú sí bàbá mi.

Àbúrò ìyá mi, tó ń bá a gbé títí ó fi kú, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó gbé abọ́ àkàrà sílẹ̀.

"Alaalẹ́ ló máa ń sọ ọ́ fún mi pé òun ba ọkọ̀ ọkọ òun jẹ́," ó ní. "Sìdíkátù, o ti ń wá síbí láti ìgbà tí o wà nílé ìwé. Kí ló dé tí o fi dúró di ọjọ́ kẹjọ?"

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo jókòó. Bàbá mi kò ní kí n dìde, kò sì ní kí n má sunkún. Ó kàn fa aṣọ náà padà sórí ẹsẹ̀ mi níbi tó ti yọ́ bọ́, apá kan lórí ẹsẹ̀ tèmi, apá kan lórí ẹsẹ̀ tirẹ̀.